Bùláìǹdì Pupa ní Fèrèsé Bàbá Mi

Ọjọ́ tí wọ́n wá sunkún bàbá mi, iṣu sísè ni bàbá mi ń jẹ lọ́wọ́, ó sì ń ráhùn pé epo rẹ̀ kò tó. Mo tètè sọ èyí kí ẹni tó ń kà á má baà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún kí n tó débi ọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó kú. Bùláìǹdì ni a rà.

Ojú ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Bàbá mi jẹ́ tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Awọ funfun kan bo ẹyinjú rẹ̀ fún ọdún mélòó kan, ohùn nìkan ló fi ń mọ̀ wá. Nígbà tí wọ́n ṣe ojú náà fún un ní ọsibítù Ẹ̀gbẹ̀, tí wọ́n sì tú ohun tí wọ́n fi dì í, ó wò mí títí, ó ní, "Ṣé ìwọ nìyí? O mà ti dàgbà o." Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, dókítà sì dúró kí n ṣe méjèèjì tán kó tó sọ ohun tó fẹ́ sọ: oòrùn kò gbọdọ̀ máa bá ojú náà jà fún ìgbà díẹ̀. Ó fún Bàbá ní jígí dúdú, ó ní kí a wá nǹkan ṣe sí ìmọ́lẹ̀ ilé.

Ilé wa ní Kàbà kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ ṣókùnkùn. Ìlà-oòrùn ló kọjú sí, ẹ̀bá ọ̀nà ló wà, gíláàsì sì ni gbogbo fèrèsé iwájú rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ báyìí, oòrùn á wọlé láì kan ilẹ̀kùn, á sì ti jókòó sórí àga bàbá mi kí bàbá mi fúnra rẹ̀ tó jí.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àbújá, ti ń wá ẹ̀sùn sí ilé yìí lẹ́sẹ̀ tipẹ́. Ó fẹ́ gbé Bàbá sọ́dọ̀. Ó ti pa yàrá kan mọ́, ó ti ra ibùsùn sí i. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ oòrùn yìí, inú rẹ̀ dùn ju bó ṣe yẹ lọ.

"Fi bùláìǹdì sí fèrèsé," ó wí fún mi lórí fóònù. "Má fi kọ́tìnnì sí i o, kọ́tìnnì ń kó ekuru. Bí mo bá dé ní Sátidé tí oòrùn ṣì ń lù wọ́n lójú, mò ń gbé wọn lọ sí Àbújá nìyẹn. Kò sí àròyé."

Mo jíṣẹ́ fún bàbá mi. Ó gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀.

"Kàì! Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n fọ́jú ní Kàbà ju kí n máa ríran ní Àbújá lọ."

Ó ti gbé ibẹ̀ rí fún ìgbà díẹ̀, kí ojú rẹ̀ tó bàjẹ́ tán. Ó ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n gbé òun sí, ògiri aládùúgbò ni òun ń wò láti àárọ̀ di alẹ́. Ó ní òun fi ìkíni ilẹ̀ wa kí ọkùnrin kan lórí àtẹ̀gùn pé "Okun o", ọkùnrin náà sì fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. A máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ń bà á, ẹ̀rù sì ń ba èmi náà, nítorí bí wọ́n bá gbé e lọ, èmi àti adìyẹ nìkan ló kù nínú ilé yẹn.

Ọkùnrin tó ń ta bùláìǹdì nítòsí ọjà dé ní ọjọ́ kejì, ó gbé téèpù kọ́ ọrùn bí ẹni tó fẹ́ rán aṣọ fún ilé. Ẹnu rẹ̀ dá ṣáṣá. Ó ní òun ti ṣe ti àwọn èèyàn ńlá ní Lọ́kọ́ja, eré ọmọdé ni ti wa yìí lójú òun. Bàbá mi ní a kò gbọdọ̀ wọn nǹkan kan lẹ́yìn òun. Ó wọ jígí dúdú, ó dé fìlà, ó gbé àga sí àárín pálọ̀, ó jókòó bí ìgbà tó ń ṣọ́ wa nínú ìdánwò.

Ọkùnrin náà na téèpù sí òkè fèrèsé kìíní, ó pe nọ́ńbà kan. Ó nà án sí ìsàlẹ̀ fèrèsé kan náà, ó pe nọ́ńbà mìíràn.

"Tún un wọ̀n," bàbá mi wí.

Ó tún un wọ̀n. Nọ́ńbà tí a kò tíì gbọ́ rí ló jáde.

"Téèpù yẹn ń purọ́," bàbá mi wí. "Èmi ni mo kọ́ ilé yìí. Ìwọ̀n kan náà ni gbogbo fèrèsé iwájú. Mo dúró ti káfíńtà títí ó fi kàn wọ́n tán."

"Dádì, téèpù tuntun ni."

"Irọ́ tuntun ni."

Bó ṣe dìde nìyẹn. Ìyá rẹ̀, ọmọ Òkè-Bùkún ní ilẹ̀ Bùnù, ahunṣọ ni, ìgbọ̀nwọ́ ló sì fi ń wọn aṣọ, láti ìgúnpá dé orí ìka àárín. Bàbá mi gbé apá lé fèrèsé bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń gbé e lé aṣọ, ó ń kà á sókè. Ọkùnrin téèpù ní àwọn tó ń gé bùláìǹdì kò mọ ìgbọ̀nwọ́, àfi kí òun kọ́kọ́ wọn apá Bàbá fúnra rẹ̀. Ó wọn apá ọ̀tún. Bàbá mi ní òsì ni òun fi wọn fèrèsé. Ó wọn òsì. Apá méjèèjì kò dọ́gba. Bàbá ní téèpù ni, ọkùnrin náà ní apá ni. Mo jókòó sórí àpótí, mo ń wo àwọn méjì tí wọ́n ní àwọn fẹ́ wọn fèrèsé tí wọ́n sì ń wọn ara wọn, Sátidé sì ń bọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo fèrèsé!" mo pariwo. "Bàbá, ẹ ti ní ojú báyìí. Ẹ wò ó!"

Bàbá mi yọ jígí dúdú, ó fi ọwọ́ ṣíji bo ojú, ó fà sẹ́yìn díẹ̀. Fèrèsé náà tẹ̀ sápá kan, bí ẹni tó ń fetí sí ìjà aládùúgbò. Gbogbo wọn ló tẹ̀, kálukú sí ibi tó wù ú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Gbogbo wa la mọ̀, kò kàn sẹ́ni tó jẹ́ sọ ọ́ lójú rẹ̀.

"Ọkùnrin yìí!" ó wí. Káfíńtà tó ti kú tipẹ́ ló ń bá wí. "A jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì! Orí bẹ́ǹṣì kan náà ni a jọ ń jókòó!" Ó jókòó, ó ní kí n fún òun lómi.

Ọkùnrin bùláìǹdì ló rí ọ̀nà àbáyọ. Ó ní nígbà tí fèrèsé ti tẹ̀, tí irin tó ń dènà olè sì wà nínú, bùláìǹdì kò lè jókòó dáadáa níbẹ̀. Ìta ni òun á gbé wọn kọ́, lábẹ́ òrùlé báránńdà. Òun á jẹ́ kí wọ́n fẹ̀ ju fèrèsé lọ, kí wọ́n sì gùn, okùn tí a ó máa fà yóò sì gba àárín gíláàsì wọlé. "Á bo gbogbo àṣìṣe, Mọ́mì," ó wí fún mi. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi nínú. Ní ti gígùn, ìgbọ̀nwọ́ Bàbá ló padà lò, kí àlàáfíà lè wà.

Ó wá ku àwọ̀. Ó yọ páálí kan tí wọ́n lẹ ègé bùláìǹdì mọ́ lóríṣiríṣi. Èmi ti mọ èyí tí mo fẹ́: àwọ̀ eérú. Gbogbo ilé tuntun ní Kàbà báyìí, àwọ̀ eérú ni, láti ògiri dé àga dé ìbọ̀sẹ̀ onílé. Bàbá mi gba páálí náà, ó gbé e súnmọ́ ojú.

"Omi ìfọbọ́," ó wí nípa àwọ̀ eérú. Ó sún sí èyí tó tẹ̀lé e. "Omi ìfọbọ́ àná." Ó tún sún. "Èyí kò ní àwọ̀ rárá. Wọ́n gbàgbé ni."

Ó dé ibi pupa. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó gbé e kúrò, ó tún gbé e lé e.

"Mo rí èyí," ó wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Lábúlé yìí, mo rí i kedere."

Lábúlé ló ń pe gbogbo ohun tó bá ti bo fèrèsé, láti ìgbà tó ti ń ṣe tíṣà kiri lókè Hausa. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń tú òwú pupa lára bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́, bó ṣe máa ń kó o sí orúnkún, tí òun á dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí òun á máa wo òwú náà títí oorun á fi gbé òun lọ. Ó ní nígbà tí ojú òun ń bàjẹ́, pupa ló kọ́kọ́ lọ, òun kò sì rò pé ó tún lè padà. Omi lé ròrò sí ojú tuntun náà, mo sì sáré fi aṣọ mímọ́ nù ún. Mo nífẹ̀ẹ́ bàbá mi gan-an ní ìṣẹ́jú yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti dà mí láàmú láti àárọ̀. Ta ni mo jẹ́ tí n ó fi sọ fún un pé pupa kò sí lóde mọ́?

"Pupa ni kí ẹ mú wá," mo wí.

"Á mú ilé yín yọ, Mọ́mì," ọkùnrin náà wí. "Láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n á ti máa rí i."

Ó gbé wọn kọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ́. Bùláìǹdì pupa mẹ́rin, láti abẹ́ òrùlé dé ìsàlẹ̀ ògiri. Nínú ilé, ó tutù, ó ṣókùnkùn níwọ̀n. Bàbá mi jókòó láì wọ jígí, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Mo dúpẹ́. Mo sùn dáadáa. Fóònù mi ti kú nítorí wọn kò mú iná wá, n kò sì bìkítà. Ohun kan ṣoṣo tí n kò ṣe ni pé n kò jáde lọ dúró lójú ọ̀nà kí n wo ilé náà. Ta ló máa ń lọ dúró lójú ọ̀nà wo ilé ara rẹ̀?

Ní àárọ̀ Sátidé, mo gbé iṣu fún Bàbá, mo sì jáde pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Ọ̀rẹ́ Bàbá tí wọ́n jọ ṣe tíṣà, tó ń gbé ní Ìyàrá, ló dúró sí àgbàlá. Ó di fìlà mú sí àyà, ó ń sunkún kíkan. Mo mọ̀ pé ìyàwó rẹ̀ ti ń ṣàìsàn. Mo ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, mo sáré dì mọ́ ọn.

"Okun o, Bàbá. Ẹ mọ́kàn."

"Ìwọ ni kí o mọ́kàn, ọmọ mi."

A dúró níbẹ̀, a ń sunkún, kálukú wa ń sunkún òkú ti ẹnì kejì. Mo ń gbá a lẹ́yìn, ó ń gbá mi lórí.

"Obìnrin rere ni wọ́n," mo wí.

Ó fà sẹ́yìn. "Obìnrin wo?"

Lẹ́yìn bùláìǹdì, ohùn bàbá mi dún, iṣu ṣì kún ẹnu rẹ̀. "Ta ló kú? Ẹ sọ̀rọ̀ sókè, mò ń gbọ́!"

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó. Kò sí àga níbi tó jókòó sí. Ó nawọ́ sí ilé wa, mo sì yíjú wò ó láti ìta fún ìgbà àkọ́kọ́.

Láyé àtijọ́, ní ilẹ̀ Bùnù àti ní agbègbè wa, bí ọkùnrin ńlá bá kú, aṣọ pupa tí àwọn obìnrin hun ni wọ́n máa ń ta sí iwájú ilé rẹ̀, láti òkè wá sílẹ̀, kí ẹni tó ń kọjá lè mọ̀ láì béèrè. Aṣọ ipò ni wọ́n ń pè é. Èmi rí i lẹ́ẹ̀kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo sì ti gbàgbé. Àwọn àgbà kò gbàgbé. Ilé àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé nìyí, pẹ̀lú pupa mẹ́rin lójú rẹ̀. Èmi tìkára mi, bí mo bá ń kọjá, ǹ bá yà sunkún.

"Èmi kò ta aṣọ," mo wí. "Bùláìǹdì ni."

"Ọmọ mi," ó dáhùn, "ta ló máa sọ ìyẹn fún àwọn tó ń kọjá?"

Mo sáré wọlé láti fà wọ́n sókè. Okùn há. Fèrèsé ló tẹ̀. Kí n tó tú okùn kan, àwọn ìyá ìjọ ti dé, wọ́n ti ń kọrin bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ẹnì kan ti ya fọ́tò ilé wa láti àná, ó ti fi í sórí Wọ́ńsáàpù, ilé wa sì ti rìn káàkiri ju bí èmi ti rìn rí lọ. Ìyá tó ń ta àkàrà dé, àwọn tó ń lọ sóko dé pẹ̀lú àdá lọ́wọ́. Ọkùnrin bùláìǹdì náà dé, ó gbọ́ pé Dádì kú, ẹ̀rù ń bà á kí a má sọ pé apá tí òun wọ̀n ló fà á.

Mo fẹ́ kí wọ́n máa lọ sílé. Bàbá mi kọ̀. "Haba! Wọ́n wá wò mí, o ń lé wọn. Jẹ́ kí wọ́n wọlé." Ó ní kí wọ́n máa bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sí iwájú àga òun, kí wọ́n sì súnmọ́ òun dáadáa. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa rí ojú wọn láti ọdún mélòó kan wá nìyẹn. "Ṣé ìwọ nìyí? O ti hewú." "Ìwọ náà nìyí? Ó tì o, o ti sanra jù." Àwọn tó wá sọkún to ìlà, ó ń yẹ̀ wọ́n wò. Mo ń gbé àga, mo ń pọn omi, n kò rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ọ̀sán ni bọ́ọ̀sì Òkè-Bùkún dé, pẹ̀lú àwọn ìbátan Bàbá níhà ìyá rẹ̀ àti ewúrẹ́ kan. Ìyá àgbà kan ló ṣáájú wọn. Kò sunkún, kò wò mí. Ó lọ tààrà síbi bùláìǹdì, ó fi ìka méjì pa á wò, ó yí etí rẹ̀.

"Ta ló hun èyí?"

"Wọ́n gé e ni, Màmá."

"Kò ní òwú. Rọ́bà ni!" Ó yíjú sí àwọn tó kù. "Ẹ wá wo nǹkan o! Rọ́bà ni wọ́n ta fún ọmọ wa!"

"Màmá, wọn kò kú. Ẹ wò wọ́n nínú ilé."

"Mo ti gbọ́ pé kò kú. Ṣùgbọ́n rọ́bà ni ẹ ta fún un."

Ìyẹn ló dùn ún ju ikú lọ. Ní ti ewúrẹ́, dírẹ́bà bọ́ọ̀sì ní òun kò gbé e padà, ó ti da òun láàmú tó lọ́nà. Ọ̀rẹ́ Bàbá láti Ìyàrá ká ọwọ́ aṣọ sókè, ó ní kí wọ́n wá ọ̀bẹ fún òun. Kí oòrùn tó rọ̀, ẹran ti ń ta sánsán ní gbogbo àgbàlá, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, bí ìgbà tí wọ́n ń sin àgbàlagbà gan-an.

Báyìí ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe bá wa. Òun náà ti rí fọ́tò, ó ti pè mí títí, fóònù mi kò lọ. Ó wọ kóòtù dúdú, kò ti ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ó rí pupa, ó rí èrò, ó rí ẹran, kò tún bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó kọjá láàárín wa, ó kúnlẹ̀ síwájú fèrèsé tó kọjú sí àga Bàbá.

"Bàbá mi, ẹ dárí jì mí," ó wí fún bùláìǹdì. "Ǹ bá ti wá lánàá. Mo ní kí n parí iṣẹ́. Ibùsùn yín ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀, Bàbá, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn sórí rẹ̀."

Mo fẹ́ pè é, ẹran kún ẹnu mi.

Bùláìǹdì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, apá kan ga ju èkejì lọ. Ògiri yọ, lẹ́yìn náà abẹ́ fèrèsé yọ, àwo ẹran kan wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ àgbàlagbà kan. Níbẹ̀ ló há sí. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọjú láti abẹ́ rẹ̀.

"Okun o," ó wí. "Ojú ọ̀nà ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi fi ìdí jókòó sílẹ̀. Nígbà tí èémí rẹ̀ padà, ìbínú ló bá a padà. Ó wọlé, àwa náà kún ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ kó ẹrù yín, Bàbá! Lónìí náà là ń lọ. Irú wàhálà wo nìyí? Aṣọ òkú lórí ilé alààyè! Ní Àbújá, ẹnikẹ́ni kò ní dà yín láàmú báyìí."

Bàbá mi súnmọ́ ọn. Ó ń wo ojú rẹ̀, nítorí kò tíì rí i láti ìgbà tí ojú tirẹ̀ ti bàjẹ́.

"Irun rẹ ti funfun," ó wí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ilé rẹ ní Àbújá, bí mo bá ta lábúlé pupa yìí sí fèrèsé rẹ̀, ta ni yóò wá?"

Èèyàn tí èsì kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi. Ó yíjú wo ẹnu ọ̀nà: ọ̀rẹ́ Bàbá pẹ̀lú ọ̀bẹ, ìyá àgbà Òkè-Bùkún tó ṣì fajúro, ìyá alákàrà, àwọn ìyá ìjọ, ọkùnrin bùláìǹdì tó sá pamọ́ sẹ́yìn wọn. Ó rò ó dáadáa. Mo rí i pé ó ń wá ẹnì kan nínú ọkàn rẹ̀, kò sì fẹ́ purọ́.

"Máìgáàdì," ó wí.

Láti àárọ̀ ni a ti ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Ó tún un sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ fún ara rẹ̀. Ó bọ́ kóòtù, ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn àga, ó bi mí bóyá ẹran ṣì kù.

Ọjọ́ kejì ni òun nìkan padà lọ. Kò sọ̀rọ̀ ibùsùn mọ́. Kó tó lọ, ó dúró ní báránńdà, ó ń gbìyànjú láti tú okùn tó há, ó ní òun á mú káfíńtà wá ní oṣù tó ń bọ̀ kó wá tún gbogbo fèrèsé iwájú tó tẹ̀ ṣe tán lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàbá mi na ọwọ́ jáde láti abẹ́ pupa náà, ó di apá rẹ̀ mú.

"Má tún wọn ṣe tán lẹ́ẹ̀kan," ó wí. "Ọ̀kan lóṣù ni kí o máa wá ṣe. Ti ẹ̀yìn ilé náà tẹ̀."